Àpá Inú Ẹ̀yìn Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àwòrán Tí Wọ́n Fi Ń Wò Ó

Àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn fún àti àwọn ará ilé wọn ló ń béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí léraléra. Mo to àwọn tó rọrùn ṣáájú, àwọn tó díjú tẹ̀ lé e. Ìdáhùn mi kò lè rọ́pò dókítà tó ń tọ́jú yín, àmọ́ ẹ óò mọ ohun tó yẹ kí ẹ bi í.

Kí ni àpá tí wọ́n ń sọ yìí? Ṣé èyí tó wà lára awọ ni?

Rárá, èyí tí ẹ lè fọwọ́ kàn lára awọ kọ́. Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá gba ẹ̀yìn wọlé láti yọ dísìkì (ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn méjì) tó yọ síta, tàbí láti gé eegun tó ń tẹ iṣan ìmọ̀lára, àlàfo máa ń ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ara kì í fi àlàfo náà sílẹ̀ lófìfo. Ẹran tuntun ló fi ń dí i. Ẹran náà kọ́kọ́ máa ń rọ̀, òpójẹ̀ wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń le díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di àpá.

Àárín eegun ẹ̀yìn àti àpò tó gba omi ọ̀pá ẹ̀yìn ni àpá yìí máa ń wà, ó sì lè yí gbòǹgbò iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ká. Epidural fibrosis ni ìwé èsì sábà máa ń pè é.

Ṣé gbogbo ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún ló máa ń ní i?

Bẹ́ẹ̀ ni, bó ti wù kó kéré mọ. Kódà tí wọ́n bá ya àwòrán ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ṣáṣá, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á rí i níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé èsì yín, ẹ má ṣe rò pé wọ́n ba iṣẹ́ abẹ yín jẹ́. Ọgbẹ́ tó jinná ló ń lápàá.

Bí gbogbo èèyàn bá ní i, kí ló dé tí wọ́n tún fi ń yàwòrán wá a?

Àpá gan-an kọ́ ni wọ́n ń wá. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn dókítà nígbà tí ìrora ẹsẹ̀ bá padà dé ni pé: ṣé àpá ni nǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan yìí, àbí dísìkì ló tún yọ jáde? Nínú 100 èèyàn tí wọ́n yọ dísìkì fún, nǹkan bíi 5 sí 15 ni dísìkì lè tún yọ fún lójú kan náà.

Ìtọ́jú méjèèjì yàtọ̀ síra pátápátá, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè náà fi wúwo tó bẹ́ẹ̀. Dísìkì tó tún yọ, tó ń tẹ iṣan, ṣeé yọ, ara ẹni náà sì lè fúyẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá tún ẹ̀yìn là nítorí àpá nìkan, àpá mìíràn ni ara máa fi dí ojú ibẹ̀, ìrora sì sábà máa ń wà bó ṣe wà.

Ṣé X-ray tàbí CT kò tó ni?

Eegun àti irin ni X-ray ń fi hàn. Ó wúlò láti mọ̀ bóyá eegun ẹ̀yìn ń yẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, tàbí bóyá síkúrù kan tí oníṣẹ́ abẹ fi di eegun mú ti tú. Kò lè fi àpá hàn rárá.

CT, ìyẹn X-ray tó ń fi inú ara hàn ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àpá àti dísìkì jọra gan-an lórí rẹ̀. Kí MRI, ẹ̀rọ tí mo júwe nísàlẹ̀, tó gbilẹ̀, oògùn oní-iodine ni wọ́n ń fa sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó ya CT, kí àpá lè tàn díẹ̀. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ iyèméjì ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

Kí ni MRI ń rí tí àwọn yòókù kò lè rí?

Òòfà ńlá àti ìgbì rédíò ni MRI fi ń ṣiṣẹ́, kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray àti CT. Ibi tó ti dáńgájíá jù ni àwọn nǹkan rírọ̀ inú ara: omi, ọ̀rá, iṣan, dísìkì, àpá.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ohun tí ẹni tó ń ka àwòrán náà ń wò. Ká sọ pé wọ́n gé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín ní ìbú, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Lórí irú àwòrán tí wọ́n ń pè ní T2, àpò omi ọ̀pá ẹ̀yìn funfun, ó rí roboto, àwọn iṣan ìmọ̀lára sì wà nínú rẹ̀ bí àmì wẹ́wẹ́ dúdú. Lórí T1, omi náà ló wá ṣókùnkùn, ọ̀rá tó yí iṣan ká sì funfun. Lára ẹni tí wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ọ̀rá funfun yìí ló ń pààlà tó mọ́ sí etí iṣan. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀rá yẹn lè ti pòórá, kí ohun kan tó ní àwọ̀ eérú sì gba ipò rẹ̀, débi pé ojú kò mọ ibi tí iṣan parí sí mọ́. Ohun aláwọ̀ eérú yẹn ni gbogbo àríyànjiyàn dá lé.

Kí ni oògùn tí wọ́n ń fa sí apá kí wọ́n tó parí àwòrán?

Gadolinium ni. Irin ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi kẹ́míkà mìíràn dè é kí ara lè gbé e jáde nínú ìtọ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, ó sì yí ọ̀rọ̀ àpá ẹ̀yìn padà láàárín ọdún díẹ̀.

Òpójẹ̀ ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Àpá ní òpójẹ̀, nítorí náà oògùn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè dé inú rẹ̀, yóò sì tàn funfun lórí T1. Dísìkì kò ní òpójẹ̀, oògùn kò rí ọ̀nà gbà wọ inú rẹ̀, ó sì máa ń dúdú síbẹ̀. Ohun aláwọ̀ eérú tí mo júwe lẹ́ẹ̀kan yẹn, tó bá jẹ́ àpá, gbogbo rẹ̀ ni yóò funfun, iṣan yóò sì yọ láàárín rẹ̀ bí àmì dúdú kékeré tí nǹkan kan kò ṣe. Tó bá jẹ́ dísìkì, inú rẹ̀ yóò dúdú, òrùka funfun tín-ín-rín ló máa yí i ká.

Ọ̀rá náà funfun lórí T1 láti ilẹ̀, ó sì lè da ojú rú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń pa ìmọ́lẹ̀ ọ̀rá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí ó lè jẹ́ pé ohun tí oògùn dé inú rẹ̀ nìkan ló ń tàn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń kánjú ya àwòrán kejì lẹ́yìn abẹ́rẹ́?

Nítorí pé dísìkì kò ní dúdú títí lọ. Oògùn inú àpá tó yí i ká máa ń rọra jò wọ inú rẹ̀. Tó bá ti tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dísìkì náà lè ti funfun, ẹni tó bá sì wo àwòrán lásìkò yẹn lè pè é ní àpá. Ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ ni ìyàtọ̀ ti hàn kedere jù.

Ohun tó kàn yín nínú èyí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má mira. Bí ẹ bá mira nígbà àwòrán ìkẹyìn, tí wọ́n ní láti tún un yà, àsìkò tó dára jù lè ti kọjá.

Báwo ló ṣe ń rí nínú ẹ̀rọ náà?

Ẹ óò dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn fún nǹkan bí ìdajì wákàtí sí ìṣẹ́jú 45. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀, wọn yóò fún yín ní ohun tí ẹ máa fi dí etí. Nígbà tí oògùn bá ń wọlé, ẹ lè rí i pé apá yín tutù. Tí ìrora kò bá jẹ́ kí ẹ lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó wọlé. Tìmùtìmù lábẹ́ orúnkún tàbí oògùn ìrora tí ẹ lò ṣáájú lè mú kí àwòrán tó ì bá bàjẹ́ dára.

Ṣé gadolinium léwu?

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń gbà á ni nǹkan kan kì í ṣe. Ó lè rín àwọn mélòó kan lára, tàbí kí èébì gbé wọn. Kí ó bínú mọ́ ara débi ewu ṣọ̀wọ́n gan-an, síbẹ̀ wọ́n ń múra sílẹ̀ dè é.

Kíndìnrín ló gba ìṣọ́ra jù. Ní 2006, àwọn oníṣègùn rí i pé àwọn kan tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ gan-an, tí wọ́n sì gba irú gadolinium kan, ní àìsàn tó ń mú awọ àti oríkèé le gan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń béèrè nípa kíndìnrín. Àwọn irú tí wọ́n ń lò jù báyìí so irin náà mọ́ra dáadáa, ewu yẹn sì ti lọ sílẹ̀ púpọ̀púpọ̀.

Láti 2014 ni ìwádìí ti fi hàn pé díẹ̀ lára gadolinium lè ṣẹ́ kù sínú ọpọlọ ẹni tó gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn kò tíì rí àìsàn tó fà nínú ọpọlọ, àmọ́ nítorí ìṣọ́ra, àwọn aláṣẹ oògùn ilẹ̀ Yúróòpù dá lílo àwọn irú kan tí kì í so mọ́ra dáadáa dúró ní 2017. Bí ẹ bá lóyún, ẹ sọ ọ́. Wọn kì í fún aláboyún àyàfi tó bá di dandan. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn lè máa fún un lọ, nítorí ohun tó ń dé inú wàrà kéré jọjọ.

Síkúrù àti ọ̀pá irin wà ní ẹ̀yìn mi. Ṣé mo lè wọ MRI?

Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni. Titanium ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, òòfà kì í sì fà á. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé irin máa ń ba àwòrán jẹ́ ní àyíká ara rẹ̀: òkùnkùn á bò ó, ìrísí nǹkan á sì wọ́. Irin tí kì í dípẹtà, irú èyí tí wọ́n ń lò nígbà kan, máa ń bà á jẹ́ ju titanium lọ.

Àwọn tó ń ya àwòrán ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dín in kù, bí ẹ bá ti sọ fún wọn ṣáájú. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀rọ tí òòfà rẹ̀ lágbára jù ló dára jù fún gbogbo nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi tí irin bá wà. Ẹ̀rọ 1.5 tesla (tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà) sábà máa ń fi àyíká síkúrù hàn ju ti 3 tesla lọ.

Ẹ̀rọ tó ń tọ́ ìlù ọkàn wà láyà mi, wọ́n ní MRI kò ṣeé ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ẹ̀rọ tó jẹ́ gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun ṣeé gbé wọ MRI lábẹ́ ìlànà pàtó. Tí kò bá ṣeé ṣe lóòótọ́, CT pẹ̀lú oògùn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún sínú àpò omi ọ̀pá ẹ̀yìn ló kù. CT myelogram ni orúkọ rẹ̀. Ó ń fi hàn kedere bóyá nǹkan kan ń tẹ àpò tàbí iṣan. Ohun tí kò lè sọ dáadáa ni bóyá àpá ni nǹkan náà tàbí dísìkì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹsẹ̀ ṣì ń ro mí. Kí ló dé tí dókítà ní kí n dúró ná?

Nítorí pé àwòrán àsìkò yìí máa ń tan èèyàn jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, nígbà mìíràn títí di oṣù mélòó kan, ojú ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ṣì wú, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran tuntun ṣì wà níbẹ̀. Ó lè rí bí ẹni pé wọn kò yọ dísìkì rárá, lára ẹni tí ìrora rẹ̀ ti lọ tán pàápàá. Mo mọ bí ìdúró yìí ṣe ń ni èèyàn lára, pàápàá lóru. Síbẹ̀, èsì tó ń tanni jẹ lè múni padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ láìnídìí.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró rárá. Tí ojú ara, ìdí tàbí inú itan bá kú tipiri, tí ìtọ̀ kò bá wá mọ́ tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀, tí ẹsẹ̀ bá ń rọ sí i, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni bí ibà bá dé, tí ojú ọgbẹ́ ń sọyún tàbí ń sun omi, tàbí tí ìrora ẹ̀yìn ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù. Wọ́n á ya MRI lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí iṣẹ́ abẹ tuntun tó.

Kí ni ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé èsì mi?

Tí wọ́n bá kọ enhancement, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ibẹ̀ funfun lẹ́yìn tí oògùn wọlé. Homogeneous enhancement ni pé gbogbo rẹ̀ funfun dọ́gba, èyí tó tọ́ka sí àpá. Peripheral tàbí rim enhancement ni pé etí rẹ̀ nìkan ló funfun, èyí tó tọ́ka sí dísìkì tí àpá yí ká. Mass effect ni pé nǹkan náà ń ti àpò tàbí iṣan kúrò ní àyè rẹ̀. Retraction ni òdìkejì rẹ̀: ó fa àpò mọ́ra. Àpá ló sábà ń fà, dísìkì ló sábà ń tì. Mi ò sọ pé ìgbà gbogbo o, nítorí àpá tó nípọn náà lè ti iṣan.

Clumping of nerve roots jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, mo dáhùn rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ṣé àpá àti dísìkì lè jọ wà pa pọ̀?

Wọ́n lè jọ wà, ó sì wọ́pọ̀. Ibẹ̀ ni kíkà àwòrán ti ń le jù. Èérún dísìkì kékeré lè wà nínú àpá ńlá, bó bá sì kéré gan-an, ìtànṣán funfun àyíká rẹ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń wo ẹ̀là kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan, yóò gbé èyí tó wà ṣáájú oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì wá ibi tí nǹkan dúdú náà ti so mọ́ àárín eegun méjì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé kì í ṣe àkóràn tàbí omi?

Omi ọ̀pá ẹ̀yìn tó jò máa ń kóra jọ sẹ́yìn ojú iṣẹ́ abẹ, ó máa ń funfun gan-an lórí T2 bíi ti inú àpò, kì í sì tàn nínú lẹ́yìn oògùn. Àkóràn máa ń mú kí inú dísìkì àti eegun òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ tàn lẹ́yìn oògùn. Éèwo tó gbọyún máa ń ní etí tó nípọn tó tàn, àárín rẹ̀ á sì dúdú. Èyí lè jọ dísìkì tó ní òrùka lójú ẹni tó bá ń kánjú, nítorí náà dókítà á tún wo ibà, ojú ọgbẹ́ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n ní mo ní arachnoiditis. Ṣé àpá kan náà ni?

Rárá. Ìta àpò omi ni àpá tí a ti ń sọ bọ̀ wà. Inú àpò ni arachnoiditis wà. Lára ẹni tó wà ní àlàáfíà, àwọn iṣan inú àpò wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí òwú tó léfòó, wọ́n sì máa ń rọra jókòó sí ẹ̀yìn àpò tí èèyàn bá dùbúlẹ̀. Nínú arachnoiditis, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn di ìdì kan ní àárín (èyí ni ìwé èsì ń pè ní clumping of nerve roots), tàbí kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àpò débi pé àpò náà rí bí òfìfo. Lórí T2 ni wọ́n ti ń rí i.

Iṣẹ́ abẹ, àkóràn tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú àpò lè fà á. Títí di àwọn ọdún 1980, oògùn àwòrán olóròóró tí wọ́n ń pè ní Pantopaque fà á fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Gadolinium tí wọ́n ń fa sí apá kì í fà á.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, àpá mi ṣì ń tàn lórí àwòrán. Ṣé ó ń dàgbà ni?

Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Àpá tó wà lẹ́yìn àpò máa ń dín títàn kù bó ṣe ń pẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú àpò lè máa tàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Títàn sọ fún wa pé òpójẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpá pọ̀ lórí àwòrán mi. Ṣé òun ló ń fa ìrora mi?

Àwọn oníṣègùn gan-an kò tíì fẹnu kò lórí èyí. Ìwádìí kan tó jáde ní 1996 sọ pé àwọn tí àpá wọn pọ̀ gan-an níṣeéṣe ìlọ́po 3.2 láti tún ní ìrora ẹsẹ̀ ju àwọn tí tiwọn kéré. Àwọn ìwádìí mìíràn wá ìsopọ̀ náà, wọn kò rí i.

Èrò tèmi, látinú ohun tí a ń rí lójoojúmọ́, ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwọ̀n àpá orí àwòrán nìkan dá ẹjọ́. Ẹ bi dókítà pé: ṣé iṣan tí àpá yí ká ni ó ń lọ sí ibi tó ń ro mí? Bí àpá bá wà ní apá òsì L5-S1 (ibi tí eegun tó kẹ́yìn ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti pàdé eegun ìdí), tí ìrora sì wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀bi ìrora yẹn kì í ṣe ti àpá. Ó yẹ kí wọ́n wá nǹkan mìíràn: oríkèé ẹ̀yìn, ìbàdí, dísìkì tó wà lókè ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, eegun tó ń yẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé àpá ni lóòótọ́, àìní iṣẹ́ abẹ kì í ṣe òpin ìtọ́jú. Eré ìdárayá onítọ̀ọ́sọ́nà, oògùn ìrora iṣan ìmọ̀lára, abẹ́rẹ́ sí àyíká iṣan, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ dí ìrora lọ́nà, gbogbo wọn ni ẹ lè bá dókítà jíròrò.

Dókítà méjì ka àwòrán kan náà, ọ̀kan ní àpá ni, èkejì ní dísìkì ni. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí kó tó kọ èsì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan rí àwòrán tí wọ́n yà ṣáájú iṣẹ́ abẹ, èkejì kò rí i. Ọ̀kan mọ̀ pé apá òsì L4-L5 (àárín eegun kẹrin àti ìkarùn-ún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn) ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, èkejì ń fojú bù ú. Ẹ kó àwọn àwòrán àtijọ́ jọ, gbogbo àwòrán gan-an, kì í ṣe ìwé èsì nìkan. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí oníṣẹ́ abẹ kọ nípa ohun tó ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ abẹ wáyé, ọjọ́ tí ìrora padà, àti ibi tó ń gbà lọ láti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Kí ẹ wá bi wọ́n bóyá wọ́n fún yín ní gadolinium, àti ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán ìkẹyìn. Tí wọn kò bá fún yín rárá, tàbí tí ó pẹ́ kí wọ́n tó yà á, ó tọ́ kí ẹ ní kí wọ́n tún un yà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ abẹ.